Ẹ Má Ṣe Di Ẹrù Nínú Ọkọ̀ Ọkọ Yín

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé, ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì, Ìlọrin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọkọ mi fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Ó ti ṣiṣẹ́ lórí odò ní Lọ́kọ́ja fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó mọ ọkọ̀ wà. Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Virginia ní Amẹ́ríkà ra ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì kan tó ní yàrá àti ilé ìdáná nínú, ó ní kí àwa méjèèjì wá fi rin ọ̀nà omi kan tó ń bá etíkun lọ títí dé Florida. Inú ọkọ mi dùn, kò sùn mọ́. Èmi ò mọ̀wẹ̀, mo sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dànù ní Pàtígi ni n kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ omi sétí. Ọkọ mi ní mi ò ní ṣe nǹkan kan, kí n ṣáà jókòó kí n máa wo ìran. Ṣé ojú òkun ni? Ṣé kí n lọ? — Ìyá Ìbejì, Táńkè, Ìlọrin.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ètò ìrìn-àjò. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, kì í ṣe omi ló bà mí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ yín sọ ni, pé kí ẹ ṣáà jókòó. N óò padà sórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti òkun kúrò nílẹ̀.

Kì í ṣe ojú òkun ni wọ́n ń gbà. Intracoastal Waterway ni orúkọ ọ̀nà náà, ẹ̀yìn etíkun ló sì ń tọ̀. Ó ń ti inú odò bọ́ sí ọ̀sà, ó ń ti ọ̀sà bọ́ sí ipa omi tí èèyàn gbẹ́, erékùṣù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín rẹ̀ àti òkun ní ibi púpọ̀. Ẹni tó bá ti dé Lẹ́kì, tó rí i pé ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, ó ti mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Norfolk ní Virginia ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ka máìlì rẹ̀. Kó tó dé Miami, ó ti lé ní 1,000 máìlì, ìyẹn ni pé ẹni tó bá lọ láti Ìlọrin sí Èkó lẹ́ẹ̀márùn-ún kò tíì rìn tó o. Ẹ̀ka onímọ̀ ẹ̀rọ ti iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ló ń kó iyanrìn inú rẹ̀. Wọ́n ní ó yẹ kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12 láti Norfolk dé Fort Pierce ní Florida, kó sì jẹ́ 10 láti ibẹ̀ dé Miami. Ó yẹ ni mo wí o. Iyanrìn kì í ka ìwé ìjọba.

Àwọn ibi tí omi ti gbòòrò wà lójú ọ̀nà. Albemarle Sound ní North Carolina ni ẹ óò kọ́kọ́ bá pàdé. Kò jìn, àìjìn rẹ̀ gan-an ló sì ń fa wàhálà: bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lórí omi tó gbòòrò tí kò jìn, ìgbì rẹ̀ á kúrú, á dúró ṣánṣán, ọ̀kan ò ní tíì lọ tí òmíràn á fi dé. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ sùn síbi tí ẹ wà. Tí ẹ bá dé Georgia, omi ibẹ̀ máa ń kún sókè ní ẹsẹ̀ bàtà méje sí mẹ́sàn-án, á tún fà padà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹni tó bá gun orí iyanrìn nígbà tí omi ń fà, ó di ìgbà tí omi bá tún kún kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá kan iyanrìn nígbà tí omi ń kún, kó fọkàn balẹ̀, omi fúnra rẹ̀ á gbé e. Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja kì í ṣe báyìí láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí náà kí ọkọ yín má rò pé ìmọ̀ tọ̀hún ti tó. Kó kọ́ ti ibẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

Ní ti Pàtígi, mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni. Àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ láti Egboti ní ìpínlẹ̀ Niger ni. Òru ni wọ́n rìn, èrò pọ̀ jù, ọkọ̀ lọ kọlu igi tó wà lábẹ́ omi, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló lọ síbẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó pa wọ́n, ẹ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀yin méjì péré lẹ wà nínú ọkọ̀ tiyín, ẹ ò gbọ́dọ̀ rìn lóru, ẹ sì gbọ́dọ̀ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Igi abẹ́ omi nìkan ló kù, ó wà lọ́hùn-ún náà, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá. Ìdí nìyẹn tí ojú méjì fi gbọ́dọ̀ máa wo iwájú, kó má jẹ́ ti ọkọ yín nìkan.

Ẹ ní ẹ ò mọ̀wẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí omi ń gbé lọ ní Amẹ́ríkà ló mọ̀wẹ̀ dáadáa, láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni wọn ò wọ̀. Òfin ibẹ̀ ní kí ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún olúkúlùkù ẹni tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ò ní kí àgbàlagbà wọ̀ ọ́, torí náà ọ̀pọ̀ á tò ó sábẹ́ àga. Ẹ̀yin, ẹ wọ̀ ọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá bọ́ síta láti inú yàrá. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó dà bí bẹ́líìtì lọ́rùn, òun fúnra rẹ̀ á wú tó bá kan omi, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀wẹ̀ ni ìyẹn yẹ; ẹ̀yin, èyí tó ki ni kí ẹ wọ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìjókòó. Ọkọ yín ti fẹ̀yìn tì, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nìyẹn tàbí kó máa sún mọ́ ọn. Bí ó bá yọ̀ ṣubú lórí ọkọ̀, tàbí tí òyì kọ́ ọ, ta ni yóò pa ẹ́ńjìnnì? Ẹ̀yin tí wọ́n ní kí ẹ máa wo ìran? Ẹ sọ fún un pé ẹ ò lọ àfi tó bá kọ́ yín. Kó kọ́ yín bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kú àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kó kọ́ yín bí ẹ óò ṣe ju ìdákọ̀ró, kí ọkọ̀ dúró síbi kan. Kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń pe Coast Guard, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, lórí rédíò, ìkànnì 16, kí ẹ sì lè ka ibi tí ẹ wà lójú ẹ̀rọ fún wọn. Kó kọ́ yín bí ẹ óò ṣe yí ọkọ̀ padà lọ mú ẹni tó já sómi. Lẹ́yìn náà, kó ki ọwọ́ bọ àpò, kẹ́ ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó la ẹnu. Ọjọ́ tí ẹ bá lè ṣe é báyẹn ni kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Mi ò sọ ọ́ lórí àhesọ. Apápá ni mo ti tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí, èmi àti ìyàwó mi sì ti bá ọmọ wa rin ọ̀nà yìí láti Norfolk dé Charleston ní South Carolina. Kí a tó ṣí, ìyàwó mi ti gba iṣẹ́ kan: ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, kó lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ bóyá omi tó ń tú jáde pẹ̀lú èéfín ẹ́ńjìnnì ṣì ń tú dáadáa. Ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ máa ń fa omi láti ìsàlẹ̀ láti fi tu ara rẹ̀ lára, á sì tú u síta. Lọ́jọ́ kan ní North Carolina ó wá bá mi, ó ní, "Bàbá wọn, ìró omi yẹn ti yí padà, ó ti gbẹ." Ojú aago tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó kò tíì gbéra rárá. A gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló ju ìdákọ̀ró, mo ṣí asẹ́ tí omi ń gbà wọlé, mo bá ewé àti koríko tó dí i pa. Ká ní ó jókòó ń wo ìran ni, à bá ti dáná sun ẹ́ńjìnnì ọmọ ọlọ́mọ.

Iṣẹ́ mìíràn tó yẹ yín ni kíka àmì. Tí ẹ bá ń lọ sí gúúsù láti Norfolk, àmì pupa ni kó máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé lọ́wọ́ òsì. Níbi tí ọ̀nà yín bá ti gba inú odò mìíràn kọjá, àwọ̀ yẹn lè yí padà, ibẹ̀ ni àwọn àlejò ti ń gun orí iyanrìn. Àmì kékeré aláwọ̀ ìyeyè ni kí ẹ máa wò nígbà náà: onígun mẹ́ta lọ́tùn-ún, onígun mẹ́rin lósì. Tí ọkọ yín bá ń wa ọkọ̀, kí ẹ̀yin máa pè é fún un. Ẹ óò rí i pé ẹ ò ní ráyè bẹ̀rù.

Ẹ má jẹ́ kó sáré. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, máìlì mẹ́jọ ní wákàtí kan ti tó o, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ náà sì tó, nǹkan bí 50 máìlì nìyẹn. Ẹ wá fi ọjọ́ ìsinmi kún un, àti ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ò ní jẹ́ kí ẹ ṣí. Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun fi máa dé Florida ń wá ìjà ni. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mẹ́fà, ó dára. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù jù lẹ máa sọ ìgbà tí ẹ óò dúró, kì í ṣe ẹni tó ń gbádùn rẹ̀.

Ibi ìdúró tó sì dùn pọ̀. Ní kété tí ẹ bá kúrò ní Norfolk, ọ̀nà pín sí méjì, ọ̀kan gba Dismal Swamp Canal, tí wọ́n ṣí ní 1805. Àwọn ẹrú ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, àwọn tó sá lọ nínú wọn sì fi igbó àbàtà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ilé. Omi rẹ̀ dúdú bíi tíì. Bí wọ́n bá ṣí i fún ọkọ̀ lásìkò yín, ẹ gbà á. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn ńlá mọ́ ọkọ̀ níwájú lẹ́yìn, omi á gbé yín sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ di okùn mú, ẹ má so ó pa, torí ọkọ̀ ń gbéra. Ní Charleston, wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan sórí ibi tí ọkọ̀ ẹrú ti ń já èèyàn sílẹ̀, ọdún 2023 ni wọ́n ṣí i. Ìyàwó mi jẹ ọbẹ̀ ilá níbẹ̀, ó ní iyọ̀ ò tó, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán. Tí ẹ bá dé Beaufort ní South Carolina, ẹ wá mọ́tò lọ sí Oyotunji nítòsí Sheldon. Ìlú Yorùbá ni, Ọba Efuntola Adefunmi ló dá a sílẹ̀ ní 1970. Mùsùlùmí ni mí, n kò lọ bọ òrìṣà, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá gba ibẹ̀ kọjá láì yà, ojú ń ro ó.

Ìyókù kò gùn. Ẹ rin ìrìn yìí láti àárín oṣù Kẹwàá síwájú. Oṣù Kẹfà sí ìparí Kọkànlá ni wọ́n ń kà sí àsìkò ìjì líle níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà yẹn ó ti ń rọlẹ̀, òtútù ò sì tíì pọ̀. Ẹ kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa pẹ́ ju ìrìn-àjò lọ, ẹ fi sínú báàgì ọwọ́, kí dókítà yín sì mọ̀ pé ẹ ń lọ. Ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ ń lọ sínú táǹkì ni, èbúté ni wọ́n ti ń fà á. Ẹ má dà á sómi, òfin á mú yín. Èéfín ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ẹ mọ bí èéfín jẹnẹrétọ̀ ṣe ń pa odindi ìdílé sínú yàrá níhìn-ín. Ohun kan náà ni. Tí ẹ́ńjìnnì tàbí jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sórí pátákó ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ̀rọ tó ń dún tí èéfín bá wọlé sì wà nínú yàrá tí ẹ ń sùn.

Ẹ lọ, Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ lọ gẹ́gẹ́ bí ẹnì kejì awakọ̀. Bí bàbá bá ní òun ò lè máa kọ́ ìyàwó òun níṣẹ́, kó mú àbúrò rẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ dúró sí Táńkè.

Ìbéèrè: Bàbá, Ọ̀fà ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, ṣùgbọ́n a ní ọkọ̀ kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́ tí a fi ń najú lórí ọ̀sà tí a bá ráyè lọ. Gbogbo ìgbà tí a bá ti fẹ́ gúnlẹ̀ ni ìjà ń dé. Èmi ló ń wa ọkọ̀, òun ló ń di okùn. Tí mo bá ní kó fò sórí jẹ́tì, kò ní fò. Tí mo bá pariwo, á bú sẹ́kún, gbogbo èèyàn á máa wò wá. Ó ti ní òun ò bá mi lọ mọ́. — Bàbá Dámiọ́lá, Ọ̀fà.

Ìdáhùn: Ìyàwó yín ló jàre. Ta ló ní kó fò? Bí ọkọ̀ bá jìnnà sí jẹ́tì débi tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ fò, awakọ̀ ò tíì gúnlẹ̀ nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn tí obìnrin máa fi rọra gbé ẹsẹ̀ lé e pẹ̀lú ìró lára. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ti jẹ́tì kí ọkọ̀ má baà kàn án. Táyà ni kí ẹ so sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ fún ìyẹn. Ọkọ̀ ṣeé tún ṣe. Mo ti rí ìka ọwọ́ tí kò ṣeé tún ṣe.

Kí ẹ tó dé tòsí, ẹ dúró sójú agbami, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, kí ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí àti ibi tí omi ń ṣàn sí. Èyí tó bá lágbára jù nínú méjèèjì ni kí ẹ kọjú sí. Á máa bá yín dá ọkọ̀ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹ́ kó wá láti ẹ̀yìn, òun ló ń gbá yín lu jẹ́tì. Ẹ sọ fún ara yín nígbà náà: okùn wo ló ń kọ́kọ́ jáde, ọwọ́ wo. Okùn àárín ọkọ̀ ni mo fẹ́, torí tí ẹ bá ti so ó tán, iwájú àti ẹ̀yìn ò ní lè lọ jìnnà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe gan-an nìyí: ẹ pààrọ̀ iṣẹ́. Wíwa ọkọ̀ ń fẹ́ sùúrù àti ọwọ́ fífúyẹ́. Fífa okùn ń fẹ́ agbára. Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tó lágbára ló jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì, tó wá ní kí obìnrin máa fa ọkọ̀? Ẹ jẹ́ kó wà á, kí ẹ̀yin lọ di okùn. Ní ọ̀nà omi Amẹ́ríkà tí mo sọ lókè yìí, tọkọtaya máa ń fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sétí tí wọ́n bá ń gúnlẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, wọ́n sì máa ń ṣàwàdà pé òun ló ń gba ìgbéyàwó là. Tí ẹ ò bá ní i, àmì ọwọ́ ti tó. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ nílé ná. Kí ẹ má sì bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni èmi àti ìyàwó mi. A ń wá ọ̀nà àjò ojú omi tó sún mọ́lé, tí kò ní jẹ́ ká gba físà. Wọ́n ní èèyàn lè ti Èkó gba orí omi dé Àgbádárìgì láì gba ojú òkun. Òótọ́ ni? — Olùkọ́, Òmù-Àrán.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ọ̀sà àti ipa omi tó wà lẹ́yìn etíkun ló ń gbé e lọ síwọ̀ oòrùn, ó tiẹ̀ kọjá Àgbádárìgì lọ sí ìhà Pọ̀tọ̀nóófò. Irú ilẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà, iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ló là á kúrò lára òkun. Tí ẹ bá dé Àgbádárìgì, ọkọ̀ á gbé yín sọdá sí Gberefu, ibi tí wọ́n ti ń mú àwọn ẹrú rìn lọ sí etí òkun.

Àárọ̀ ni kí ẹ ṣí, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lórí omi. Ẹ ka èrò inú ọkọ̀, ẹ ka láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Tí iye wọn ò bá dọ́gba, ẹ má wọlé, ohun yòówù tí awakọ̀ ì báà sọ. Ẹ wò ó bóyá ó so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ara rẹ̀, kí ọkọ̀ lè dúró tó bá já sómi. Ewéko ojú omi tó ń léfòó yẹn pọ̀ gan-an láwọn ìgbà kan, ó máa ń wé mọ́ fáànù abẹ́ omi, kí ẹ má bínú tí awakọ̀ bá ń dúró yọ ọ́. Ẹ̀yin ará Òmù-Àrán tí ẹ ò gun ọkọ̀ omi rí, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Jẹ́bà, ẹ sanwó kí wọ́n gbé yín yípo díẹ̀ lórí Ọya, kí ẹ mọ̀ bóyá omi ń kọ́ yín lóòyì. Tó bá ń kọ́ yín, ìta ni kí ẹ jókòó sí, kí ojú yín wà lọ́ọ̀ọ́kán, kẹ́ ẹ má ka ìwé. Atalẹ̀ náà máa ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Tí èèyàn bá ń gbé inú ọkọ̀ omi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, báwo ló ṣe máa kírun? — Àlájà, Òkè Àpómù, Ìlọrin.

Ìdáhùn: Arìnrìn-àjò ni, ẹ̀sìn sì ti fi ìrọ̀rùn sílẹ̀ fún un, rákà mẹ́rin lè di méjì. Ẹ dúró kírun tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́. Tí ó bá ń mì tí ẹ lè ṣubú, ẹ jókòó. Àríwá ìlà-oòrùn ni Gábàsì ní etíkun Amẹ́ríkà yẹn. Kí ẹ sì ṣọ́ra, ọkọ̀ tó wà lórí ìdákọ̀ró máa ń yípo tí afẹ́fẹ́ tàbí omi bá yí padà, ibi tí ẹ kọjú sí lálẹ́ lè di ẹ̀yìn yín ní Súbúhì, nítorí náà ẹ tún kọ́ńpáàsì wò kí ẹ tó kábárà. Tó bá ju ìyẹn lọ, ẹ bi Àlùfáà. Ẹ́ńjìnnì ni tèmi.